Ohun Tí Mo Ní Nínú Ilẹ̀ Bódìjà

Mo ní ọmọ kan nínú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Bódìjà. Mi ò mọ ojú ibi tó wà, kò sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n gbé e gba géètì ẹ̀yìn jáde, láti ọjọ́ náà títí di ọdún yìí mi ò sì kọjá okùn tí mò ń sá aṣọ sí rí. Nígbà tí Bísí, tó ni ilé, wá sọ fún mi pé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn irin nínú ilẹ̀ wá owó àtijọ́ níbẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ aṣọ tó wà níwájú mi tán, mo da eérú inú áyọ́ọ̀nù nù, kí n tó jókòó. Ọmọ yẹn, ẹ̀gbà idẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé yín.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni wá. Àwọn Faransé ló jọba lé wa lórí lọ́hùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ló jọba lé ti ibí lórí, ìyẹn ló sọ mí di àlejò láàárín àwọn tí a jọ ń sọ èdè kan náà. Bàálé mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló kọ́kọ́ wá sí Ìbàdàn. Ó ríṣẹ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo dé. Mo ní ìwé kíláàsì méjì, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi. Ìwé yẹn kò ra ẹ̀kọ kan ṣoṣo fún mi ní Ìbàdàn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ògiri. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ibi yòówù kí o dúró sí, wàá rí àwọn òkè wa. Bí ènìyàn bá ń sunkún, á gbójú sókè wò wọ́n. Ní Bódìjà, mo gbójú sókè, àfọ́kù ìgò ni mo rí tí wọ́n tò sórí ògiri. Mo bi bàálé mi pé, "Ta ni wọ́n ń bá jà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, bí olówó ṣe ń sùn nìyẹn.

Èkejì ni ẹnu mi. Mo lọ ra ata lọ́jà Bódìjà, mo la ẹnu bèèrè iye rẹ̀, ni aláta bá ké sí ẹnì kejì rẹ̀.

"Ìyá Ràfíù, wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu Àgànyìn!"

Mo ní, "Èmi kì í ṣe Àgànyìn. Yorùbá ni mí."

"Yorùbá tó ń fi ọ̀rọ̀ kọrin? Ó dáa, kọrin ata fún wa ká gbọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ata ni mo wá rà. Nígbà tó ń bù ú fún mi, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ọjà ná: máa jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí o tó bèèrè ènì. Ìyá Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo wá padà lọ kí ìyá mi, àwọn ọmọdé àdúgbò wa sá tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pariwo pé, "Nàìjíríà dé! Nàìjíríà dé!" Ìyá mi gan-an ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé ọkọ̀. Ni mo bá mọ̀ pé mo ti di àjàò, tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ.

Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni mo ṣe. Bàbá Olùkọ́, tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì, ló gbà wá sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ńlá rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀, kó tó di pé àwọn ará Bódìjà ń gbé tiwọn wá. Bí mo bá ti sítáàṣì bọ ẹ̀wù funfun, tí mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìyàwó olùkọ́ kan ní òjúlé kejì wá bá mi lábẹ́lẹ̀ pé kí n kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Mi ò lọ, ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yẹn tóbi. Kí wọ́n tó kọ́ Bódìjà rárá, abà oníkòkó kan ló wà níbẹ̀. Ògiri alámọ̀ rẹ̀ ti wó di ebè, koríko hù bò ó. Bàbá Olùkọ́ rà á tòun ti ahoro, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan kan sí i. Ó ní ilé ẹni kan rí ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Àkọ́bí mi, ọkùnrin ni. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ti ń rákò wọ abẹ́ tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ. Ìyá mi ti fi ẹ̀gbà idẹ ránṣẹ́ sí i láti Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ná ọjà wá títí dé Òjòó. Ibà ló mú un. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kúrò lójú ọ̀run, ó ti parí. Bàálé mi wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń kan òrùlé ilé ìwé kan. Kò sí fóònù nígbà náà. Kò sí ìyá, kò sí àǹtí, kò sí ilẹ̀ bàbá ẹnikẹ́ni tí a óò gbé e sí.

Bàbá Àlàó, tó ń tọ́jú òdòdó fún Bàbá Olùkọ́, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bọ́ ẹ̀gbà yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Fi sílẹ̀ fún un. Tirẹ̀ ni." Ó wé e, ó mú ọkọ́, ó gba géètì ẹ̀yìn lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò gbé omi kaná fún mi pé kí n fi wẹ̀. Omi náà kò tíì hó tí bàbá fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé kò lọ jìnnà.

Èèwọ̀ ni kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bó ṣe rí ní Ṣábẹ̀ẹ́ náà ló rí n'Íbàdàn, lórí èyí a kì í ṣe àlejò síra wa. Bàbá Àlàó mọ̀. Kò sọ fún mi, mi ò sì bi í. Ọdún mẹ́jọ la tún fi jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn, a jọ ń mu gààrí lójú kan. Nígbà tó kú, ó gbé ohun tó mọ̀ lọ.

Mo bí Ṣadé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, Challenge, níhìn-ín n'Íbàdàn, ló ń gbé. Bàálé mi kú, wọ́n gbé e lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá Olùkọ́ náà kú, ilé di ti Bísí, ọmọ rẹ̀ tí mo pọ̀n dàgbà. Gbogbo ènìyàn rò pé èmi náà á padà sílé.

Rafaẹ́lì, àbúrò mi kan ṣoṣo, ló ń dà mí láàmú jù. Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá Ìyá wà ní títì o. Mo ti kùn ún. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé aṣọ àwọn ará Ìbàdàn kò tíì mọ́ tán ni?"

"Ojoojúmọ́ ló ń dọ̀tí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọ ìdọ̀tí! Ẹ̀yin ni àgbà ilé wa báyìí."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá bi í léèrè àwọn ọmọ, màá ní iná fóònù mi fẹ́ tán. Mi ò lè sọ ohun tó dá mi dúró fún un. Ọmọdé ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìyá wa sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mẹ́nu bà á, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dúró. Ẹni tí a kò bá mẹ́nu bà, ó máa ń dà bí ẹni tí kò wá rí. Bí mo bá tún kó ẹrù mi kúrò nítòsí rẹ̀, ta ló kù tó mọ̀ pé ó wá?

Ohun tí ọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn fẹ́ dé bá nìyẹn. Tísà ni mò ń pè é. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, owó àtijọ́ ló sì ń kó jọ báyìí. Bísí ti fi ìwé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò fi sọ fún Bísí kó má jẹ̀ẹ́ kó wọlé. Bí mo bá sọ, wọ́n á bi mí pé níbo, mi ò sì mọ ibẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rọ̀ tó ti lo ogójì ọdún nínú kì í jáde nítorí pé àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo rò ó, mo ní: èèwọ̀ ni kí n mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé èèwọ̀ ni kí n ṣọ́ ọ. Mo di ìró mi dáadáa, mo tẹ̀ lé e kọjá okùn aṣọ. Ẹsẹ̀ mi wúwo bíi ti ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ̀.

"Màmá, ẹ lọ jókòó síbòji," ni Tísà wí. "Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àgbàlagbà."

"Ta ló sọ fún yín pé mo dàgbà?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ bá mi gbé ike yìí, ẹ máa da ohun tí a bá rí sí i."

Ẹ̀rọ náà dà bí igi ìgbálẹ̀ gígùn tí wọ́n so àwo pẹrẹsẹ mọ́ nídìí. Ó ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí koríko. Bó bá dún, á kúnlẹ̀, á fi ṣọ́bìrì kékeré gé koríko bí ẹni gé àkàrà òyìnbó, á wá ohun tó wà nísàlẹ̀, á sì dá ilẹ̀ padà bó ṣe wà. Ìyẹn wù mí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdérí ìgò, ìṣó àti agolo sàdíìnì la rí. Tísà ń dúpẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wúrà ni.

Lọ́jọ́ kejì, àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Tísà, ẹ kàn ń rìn káàkiri ni. Níbo ni àwọn obìnrin abà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí?"

"Kí ni obìnrin ní í ṣe nínú ẹ̀?"

"Etí ìró la máa ń di owó mọ́. Ibi tí obìnrin bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni owó ti ń bọ́."

Mo mú un lọ síbi tí mo ti rí àpáàdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú lánàá, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì rí bí eérú. Ibi ààrò wọn ni. Ibẹ̀ la ti rí kọ́bọ̀ oníhò mẹ́ta, èkíní kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú ilẹ̀.

"Màmá! Ẹ wò ó! Ẹ wo ihò láàárín ẹ̀!"

"Mo rí i. Ẹ rọra, ẹ máa ṣubú lu ẹ̀rọ yín."

"Ogún ọdún ni mo fi kọ́ni ní ìtàn, kò sí ìwé tó sọ ti etí ìró fún mi."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Inú rẹ̀ náà dùn débi pé ó fi ohun tó ń kì bọ etí sí mi létí, ó ní kí n gbọ́. Irin ń há, bí ewúrẹ́ tí ikọ́ ń ṣe. Kọ́bọ̀ ń dún dáadáa ju ìyẹn lọ.

Mo ní, "Idẹ ńkọ́?"

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ idẹ kan nínú àpò, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Ó dún tínrín, ó mọ́ ketekete. Kò yẹ kí n bi í. Mo gbé ohùn yẹn lọ sílé, mo jẹun pẹ̀lú rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mò ń fi omi wọ́n aṣọ.

Ọjọ́ kẹrin ló dé ìdí igi ìyeyè kan tó wà nítòsí ògiri. Nítorí tèmi, ó ti yọ ohun etí yẹn kúrò, kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́. Ẹ̀rọ náà dún. Tínrín, ó mọ́. Ó kọjá, ó padà, ó tún dún lójú kan náà. Tísà kúnlẹ̀, ó ti ṣọ́bìrì bọ koríko.

"Ẹ dúró!"

Ó fò sẹ́yìn. "Kí ni? Ṣé ejò ni?"

"Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀."

"Màmá, èyí kò jìn o. Ó dún bí ohun gidi."

"Ó lè jẹ́ ọmọ mi ni."

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tí mo fi sọ ọ́ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, kò tilẹ̀ gùn tó báyìí. Ó ṣí fìlà. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan. Ọmọ Yorùbá ni, kò bi mí ìdí tí mi ò fi mọ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi kì í ṣe òbí rẹ̀. Bí ẹ bá padà sílé, èmi lè wò ó. Bí kì í bá ṣe òun, ọkàn yín á balẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òun, màá bò ó padà dáadáa. Ẹ kàn sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é."

Mo fi ọwọ́ ti igi ìyeyè yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má rò pé kò wù mí. Ogójì ọdún ni mo fi ń sá aṣọ síbi tí mo ti lè máa wo ilẹ̀ yẹn, tí mò ń bi koríko léèrè. Ọ̀nà tí kò tẹ èèwọ̀ ni Tísà fi hàn mí, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú. Bó bá mú kọ́bọ̀ jáde, a jẹ́ pé ọmọ mi wà níbòmíràn, a óò tún máa wá idẹ kiri, a óò máa kúnlẹ̀ káàkiri orí rẹ̀. Bí Tísà bá padà wá bá mi láìrẹ́rìn-ín, mo ti mọ̀ nìyẹn, kò sì sí bí ènìyàn ṣe ń dá ìmọ̀ padà sílẹ̀ kí ó gbé koríko lé e. Mo tún rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Nítorí pé mi ò mọ ojú ibi tó wà, gbogbo ilẹ̀ yẹn ni tirẹ̀. Èmi tí mi ò ní ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan n'Íbàdàn, ọmọ mi ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà.

"Ẹ bò ó," ni mo wí. "Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ ti pàdánù owó kan. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ jẹ́ kó sùn."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ koríko padà.

"Apá tó kù ńkọ́, Màmá?"

"Ibikíbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ kọjá."

Ó mi orí. "Màmá, ibi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wá." Ṣùgbọ́n ó ti ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó fi kọ́bọ̀ kan fún Bísí bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn, ó mú méjì lọ. Kò padà wá mọ́.

Kí Tísà tó lọ, ó fẹ́ sọ fún Bísí pé kò sí nǹkan kan mọ́ lápá ibẹ̀. Mo ní rárá, mi ò fẹ́ kó tìtorí mi purọ́. Èmi fúnra mi ló sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú kíṣìn rẹ̀. Bísí fi ìdí jókòó.

"Màmá, gbogbo ìgbà tí mò ń ṣeré níbẹ̀ ní kékeré?"

"Gbogbo ìgbà yẹn. Inú mi máa ń dùn pé ẹnì kan ń bá a ṣeré."

Ó sunkún ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, bíríkì kan kò ní í kan ilẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni òun yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ òun. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ohun tó bá sọ, ó máa ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ló pe Rafaẹ́lì, mi ò dúró dè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé kò sí o? Ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Kò sí. Gba ọmọ rẹ obìnrin sí yàrá Ìyá, kó yé sùn ní pálọ̀. Èmi ò bọ̀ wá gbébẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo jẹ́ kó pariwo tán. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé mo ní ọmọkùnrin kan nínú ilẹ̀ níhìn-ín, pé ó ti lé lógójì ọdún tó ti wà níbẹ̀, pé mi ò lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ohùn Rafaẹ́lì ti yí padà nígbà tó sọ̀rọ̀. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí Bàbá Àlàó ti gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò pè é sókè rí. Mo wá sọ ọ́.

"Ọlábíyìí."

Fóònù ń já. Ó ní òun kò gbọ́ ọ dáadáa, kí n tún un pè. Mo dìde, mo jáde sí gbangba níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa, mo sì tún un pè.